Wáìfáì Ilé Alfa

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin èrò ọ̀nà, etí ni mo wá yá lọ́wọ́ yín, n kò yá ọwọ́. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà kó máa ṣa á lọ, ẹni tó ń ránṣọ kó máa rán an. Ìtàn tí mo gbé wá kì í ṣe ti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sí ìjàpá nínú rẹ̀. Ojú ayé yìí náà ló ṣe, láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, irú fóònù tó wà lápò yín yẹn ló sì dá a sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Marufat ni orúkọ obìnrin náà. Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe nílùú Ọ̀yọ́. Ó ń rán tìmùtìmù tí a ń jókòó lé, ó ń rán abẹ̀bẹ̀, ó ń rán bàtà. Ọkọ rẹ̀ ń wakọ̀ lọ sókè Ọya, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ọmọbìnrin kan ni Ọlọ́run fún wọn, Zulaikha. Ṣọ́ọ̀bù Marufat kọjú sí ilé Alfa Nùrẹ́nì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú. Zulaikha wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀ lọ́dún yìí, ìyẹn ọjọ́ tí ọmọ máa ka Kùránì lójú gbogbo èèyàn kí wọ́n lè rí i pé ó ti kà á yanjú. Aṣọ funfun ọmọ náà ti wà lórí ìkọ́.

Láràárọ̀, kí Marufat tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Alfa kí ìyá Alfa tó ti darúgbó. Àwẹ̀ró ni oríkì ìyá náà. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé a kì í ki àgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ká pa ẹnu mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan kò tí ì dé inú.

"Àwẹ̀ró o, Àwẹ̀ró. Ẹ kú àárọ̀, mà. Ṣé ara ti le?"

"Ara le, Ìyá Zulaikha. O ti tún mú orí mi wú."

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ Alfa tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá gbé ẹ̀rọ Wáìfáì wá fún bàbá rẹ̀, kó lè máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, kó sì lè máa fi wàásí ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti súnmọ́ ibẹ̀, orúkọ tó máa yọ lójú fóònù rẹ̀ ni ILÉ ALFA. Ó yọ lójú fóònù Marufat náà.

Lọ́jọ́ kan tí dátà rẹ̀ tán níbi tó ti ń fi àwòrán ọjà han oníbàárà, ó tẹ ILÉ ALFA wò. Fóònù ní kó mú páásìwọ́ọ̀dù wá. Ó kọ orúkọ Alfa, kò gbà. Ó kọ Àwẹ̀ró, kò gbà. Ó wá rántí bí òun ṣe ń kí ìyá. Ó kọ Àwẹ̀ró lẹ́ẹ̀mejì, ó so wọ́n pọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni mo jà lólè?" ló wí fún ara rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń lò ó. Bí oníbàárà bá sì jókòó pẹ́, Marufat á fún un ní páásìwọ́ọ̀dù, bí ẹni ń bu omi tútù fún àlejò.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan wá. Saifudeen ló pe ara rẹ̀. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì kan ló rán òun, tìmùtìmù mẹ́wàá ni wọ́n ń fẹ́. Inú Marufat dùn dé ẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọkùnrin náà fi jókòó sábẹ́ ìbòji ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá òun.

"Àǹtí, dátà mi ti tán o."

"Ta ló ń ra dátà níbí? Wáìfáì àdúgbò wà. Gbé fóònù rẹ wá."

Ó bá a tẹ páásìwọ́ọ̀dù náà fúnra rẹ̀. Ó tún ní kí ọkùnrin náà gbé tìmùtìmù dání, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí Wọ́sáàpù kí àwọn èèyàn lè mọ irú oníbàárà tí òun ní. Lọ́jọ́ kẹta, tó jẹ́ Jímọ̀, ọkùnrin náà ní, "Ẹ máa lọ kírun, Àǹtí. Màá bá yín ṣọ́ ọjà." Nígbà tí Marufat ti mọ́sálásí dé, kò bá a mọ́. Ó ka ọjà rẹ̀, ọ̀kan kò dín. Ó ní, "Olóòótọ́ èèyàn ni. Iṣẹ́ pàjáwìrì ló pè é."

Tìmùtìmù mẹ́wàá tó bèèrè wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù bí àlejò tí ẹni tó pè é kò sí nílé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kí àwọn ọlọ́pàá tó wọ ilé Alfa, lọ́jọ́ Ajé. Wọn kò pariwo. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí ìyá, wọ́n sì tú ẹ̀rọ Wáìfáì lára ògiri, wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú fóònù Alfa. Wọ́n ní kí Alfa wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọjọ́bọ̀, kó wá sọ ohun tó mọ̀.

Alfa fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Marufat, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń yí tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

"Obìnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n fi álàátì irọ́ lù ní jìbìtì, pé owó ti wọ báńkì rẹ̀. Àpò àlùbọ́sà ọgbọ̀n ni wọ́n kó lọ. Wọ́n ní ilé mi yìí ni álàátì náà ti jáde, ní Jímọ̀ ìjọsí, ní aago méjì ọ̀sán."

"Aago méjì? Ṣebí orí mínbárì lẹ wà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ta ló wà nílé. Mo ní ìyá mi ni."

Ìyá ti gbọ́ látinú ilé. "Èmi tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé sétí lára fóònù," ló wí. "Wọ́n á ní èmi ni mo kó àlùbọ́sà."

Alfa gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò jọ ẹ̀rín. Marufat kò rẹ́rìn-ín rárá. Jímọ̀. Aago méjì. "Màá bá yín ṣọ́ ọjà."

Láti àkókò náà ni nǹkan ti dà bí ti adìẹ tó bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ó gbé abẹ̀rẹ́, abẹ̀rẹ́ gún un níka. Ó jókòó lórí tìmùtìmù kan, ó dìde. Ó bọ́ sórí òmíràn, ó tún dìde. Mẹ́wàá ni wọ́n, kò sí èyí tí ìdí rẹ̀ gbà. Ó jáde, ó wo ilé Alfa, ó wọlé. Ó ṣí fóònù, ó wo fọ́tò ọkùnrin náà, ó sì gbé àtàǹpàkò sórí ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́. Tí fọ́tò yìí bá lọ, ta ló máa mọ̀ pé ọkùnrin kan jókòó síbí rí? Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó tún gbé e padà.

Zulaikha ló wọlé dé bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wàláà lábẹ́ apá.

"Màámi, Ràódàt ò wá sí kéú lónìí. Ìyá rẹ̀ ní ilé ọmọ yàhúù ni."

"Jẹ́ kí wọ́n máa sọ."

"Mọ́kànlélógún la jẹ́ tẹ́lẹ̀. Méjìlá ló kù. Alfa ní ká ṣáà máa kà á lọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ń wò." Ọmọ náà dúró. "Màámi, ṣé Alfa jalè ni?"

"Ta ló ní kó o bi mí?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n bi yín. Èmi ni mo ń bi yín."

Marufat ní kó lọ bọ́ aṣọ kéú.

Ní Ọjọ́rú, ó wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó parọ́ fún ìyá Alfa pé awọ lòun fẹ́ lọ rà ní Sábó. Nínú ọkọ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, títí tí ẹni tó jókòó tì í fi bi í bóyá nǹkan wà lórí àga rẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mú un dé Sábó lóòótọ́. Kò ra awọ. Ó ń bèèrè kiri, títí tó fi dé iwájú obìnrin kan tó to àlùbọ́sà díẹ̀ sórí àpò. Comfort ni wọ́n ń pe obìnrin náà.

"Ẹ kú ọjà, mà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ má fojú kékeré wo ọjà mi o, ìyá. Ibí yìí máa ń kún dé ojú títì. Àpò ọgbọ̀n ni wọ́n kó lọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ilé Alfa kan ní Ọ̀yọ́ ló ti wá. Alfa o, ẹni tó yẹ kó máa gbàdúrà fún wa." Ó ń ka àlùbọ́sà sínú ọ̀rá bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ọ̀la ni màá fojú kàn án. Ohun tí màá sọ fún un, ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ ọ sórí."

Marufat gba àlùbọ́sà, kò dúró gba ṣéńjì. Ó ń gbọ́ tí Comfort ń pè é lẹ́yìn. Ọ̀kadà ló gùn dé Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Níbẹ̀ ni Ọlọ́runnísọ̀lá wà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Òun ló ń so Wáìfáì fún àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Aládùúrà ni, òun àti Marufat sì jọ dàgbà lábúlé kan náà.

"Marufat oníṣẹ́ awọ, kí ló lé ọ? Jókòó."

"Mi ò lè jókòó, Bọ̀ọ̀dá Nísọ̀lá."

"Ó dáa, máa ta síhìn-ín sọ́hùn-ún bí adìẹ tó fẹ́ yé, kó o máa rò ó."

Ó rò ó tán. Kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ọlọ́runnísọ̀lá fi wáyà ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀.

"Ṣé o gbàṣẹ kó o tó wọlé?"

"Ilé ta ni mo wọ̀? Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo wà. Òun ló wá bá mi."

"Òórùn ọbẹ̀ ilé kejì náà ń wá bá ọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ṣé o ti wọlé lọ bu ẹran nínú ìkòkò wọn rí?"

"Ẹran máa dín kù. Wáìfáì ò dín."

"Ó ń dín. Ohun tí Alfa ń rí lò ń dín, òun ni kò mọ ibi tó ń gbà lọ. Ká tiẹ̀ ní kò dín." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Tí iná bá kú mọ́ àwọn ìyá wa lọ́wọ́ lábúlé, níbo ni wọ́n ń lọ?"

"Ilé kejì. Wọ́n á lọ fọnná."

"Tí èèyàn bá fọnná, ṣé iná onílé ń dín?"

"Kì í dín."

"Ṣé wọ́n wá ń gba ojú fèrèsé wọlé ni?"

Marufat rí ìyá rẹ̀ lójú inú, àpáàdì lọ́wọ́, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì. "Wọ́n á dúró níta," ló wí. "Wọ́n á ní, 'Ẹ kú ilé o, mo wá fọnná.'"

"Ohun tó kù fún ọ nìyẹn. Iná tí wọn ò fún ọ, o tún wá mú un fún àjèjì, ó sì fi jó oko olóko. Marufat, oríkì tó o fi ń yẹ́ ìyá arúgbó sí láàárọ̀, òun lo fi ṣe kọ́kọ́rọ́ sí ilé ọmọ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú un jókòó.

"Ṣé wọ́n máa tì mí mọ́lé?"

"Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò ní í purọ́ fún ọ. Òfin wà nílẹ̀ yìí lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, láti ọdún 2015 ló ti wà. Ẹni tó bá wọ kọ̀ǹpútà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, tó lọ fi ṣe jìbìtì, ẹ̀wọ̀n wà fún un níbẹ̀. Ìwọ ò ṣe jìbìtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Tó o bá lọ sọ ọ́ fúnra rẹ, mo ti rí i pé wọ́n ń wo ìyẹn mọ́ èèyàn lára. Tó o bá dúró kí wọ́n wá bá ọ, tí wọ́n sì rí i pé o ti pa fọ́tò rẹ́, o ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ kan di méjì."

"Ọkọ mi ò sí nílé."

"Pè é. Mú lọ́yà tàbí àgbà kan dání. Ṣùgbọ́n Alfa ni kó o kọ́kọ́ lọ bá. Má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá."

Kí oòrùn tó wọ̀, Marufat ti dé Ọ̀yọ́. Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti ibùdókọ̀, ọkọ ní, "Lọ. Mo ń bọ̀ lọ́nà." Kò ya ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ tààrà sẹ́nu ọ̀nà Alfa, àlùbọ́sà Comfort ṣì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó fẹ́ ki ìyá, oríkì náà kọ̀ láti jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o," ló wí. "Mo wá fọnná."

"Iná kẹ̀?" ni ìyá wí. "Ṣé gáàsì rẹ tán ni?"

Alfa jáde. Marufat kò gbójú sókè títí tó fi sọ ọ́ tán: páásìwọ́ọ̀dù, Saifudeen, Jímọ̀, fọ́tò. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń gbọ́ ìró tẹ̀súbáà, tẹ́ẹ̀ tẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ọ mọ́.

"Ìyá Zulaikha."

"Sà."

"Nígbà tí mo bá ń bá àwọn ọmọ-ọmọ mi sọ̀rọ̀, tí ojú wọn á dúró gbagidi bí àwòrán, tí ẹnu wọn á yà sílẹ̀, ṣé ìwọ ni?"

"Bóyá èmi ni, sà."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti pe àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo ń bú wọn. Àforíjì wọn wà lọ́rùn mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo kọ́kọ́ wá lọ́jọ́ Ajé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, mo sọ ohun tó ṣe mí. O mọ̀, o sì jẹ́ kí n padà sílé."

Èyí dun Marufat ju ẹ̀wọ̀n lọ.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Ọ̀la, a ó jọ lọ."

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọlọ́runnísọ̀lá mú lọ́yà kan wá pàdé wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Comfort ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́ sórí ti wà lẹ́nu rẹ̀. Marufat kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ó nawọ́ fóònù sí i.

"Ṣé ẹ mọ ẹni yìí, mà?"

Comfort wò ó. "Ẹni tó wá wo ọjà mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kó o lọ nìyí. Ó ní òun àti ọ̀gá òun ló ni òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá náà ló wá kó àlùbọ́sà." Ó wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kejì. "Kí ló gbé dání yìí?"

"Tìmùtìmù mi ni, mà."

Comfort yíjú sí Alfa, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ohun tó ti kọ́ sórí fún ọjọ́ mẹ́ta, ó gbé e mì. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọwọ́ wọ́nú."

Àwọn ọlọ́pàá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ Alfa mọ́, kó máa lọ sílé. Wọ́n bá Marufat wí gidigidi, wọ́n ní ìwádìí kò tí ì tán, kí ó máa wá fojú hàn lọ́jọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan. Títí di bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, wọn kò tí ì rí Saifudeen, àlùbọ́sà kò sì padà.

Kò sẹ́ni tó rán Marufat ní iṣẹ́ tó ṣe ní Jímọ̀ ọjọ́ kejì. Ilé ìyá mẹ́sàn-án tó ti mú ọmọ wọn kúrò ló rìn dé, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé òun ni, kì í ṣe Alfa. Ìyá Ràódàt gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìwọ tó ń ki Ìyá Alfa lóríkì láràárọ̀?"

"Èmi náà ni."

"Ó ga o. Màá rò ó."

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ wòlímọ̀, ọmọ méje padà wá. Méjì kò wá. Ràódàt wà lára àwọn tí kò wá. Zulaikha ka tirẹ̀ láìṣì. Bó ti ń jókòó, ó wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wo ìyá rẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Orúkọ èèyàn náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò gbọ́. Wáìfáì ẹlòmíràn kì í ṣe omi òjò. Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bí o tilẹ̀ mọ páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ onílé kó o tó wọlé. Bí onílé bá fún ọ, ìwọ ló fún. Má fún ẹlòmíràn. Ohun tí àjèjì bá ṣe lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ilẹ̀kùn onílé ni wọ́n máa kọ́kọ́ kàn.

Ìwọ onílé náà, má fi ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ṣe páásìwọ́ọ̀dù: oríkì ìyá rẹ, orúkọ ọmọ rẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́ kó gùn, jẹ́ kó ṣòroó mọ̀, kó o sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ fún àlejò, jẹ́ kí ẹni tó bá ọ so ẹ̀rọ la ọ̀nà àlejò lọ́tọ̀ fún ọ, ìyẹn Wáìfáì tí àlejò nìkan á máa lò, tó ní páásìwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Bí nǹkan bá sì ti bàjẹ́, má pa ẹ̀rí rẹ́. Sọ ọ́ ní kíá, kó má baà di pé aláìṣẹ̀ ló ń jẹ ìyà rẹ.

Ọmọ Alfa ti wálé, ó ti pààrọ̀ páásìwọ́ọ̀dù. Wọ́n ní gígùn rẹ̀ tó ti ojú irin. Ìyá ní ọpẹ́ ni, ó ní orúkọ òun ti padà di ti ìkíni. Láràárọ̀, Marufat ṣì ń kúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó tó oṣù kan, Alfa fún un ní ọ̀nà àlejò. Kò tí ì wọ̀ ọ́. Ó ń ra dátà rẹ̀.

Ọlọ́runnísọ̀lá, ẹni tó ń so Wáìfáì ní Under G, ló sọ ìtàn yìí fún mi. Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kí n tó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù awọ kan, mo ní, "Ẹ kú ilé o, mo wá fọnná." Marufat wò mí títí, ó fa tìmùtìmù kan sún mọ́ mi. Ó ní, "Jókòó. Mú ìtàn náà lọ."